Irin Wíwúwo, Iṣan àti Ẹ̀jẹ̀

Wọ jíìmù èyíkéyìí ní Ìbàdàn tàbí Èkó lọ́jọ́ Ajé, kò ní pẹ́ tí wàá fi gbọ́ ẹni tó ń ráhùn pé itan òun ń ro òun látàná. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á dá a lóhùn pé: "Lactic acid ni. Fara balẹ̀, á lọ." Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ wá lára débi pé àwọn olùkọ́ eré ìdárayá pàápàá ń fi kọ́ni. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Lactate, orúkọ tí lactic acid ń jẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, tí irin àná kó wá ti lọ tán kí ẹni náà tó délé wẹ̀. Ohun mìíràn ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohun náà sì tún ń pọ̀ sí i ni: àwọn ẹ́ńsáìmù tó yẹ kí wọ́n wà nínú iṣan, tí wọ́n ti jò jáde. Àmì méjì ni wọ̀nyí. Àkókò wọn yàtọ̀, ohun tó ń fà wọ́n yàtọ̀, ìwúwo irin kò sì kàn wọ́n bákan náà. Ó yẹ ká mọ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, nítorí àìmọ̀ yìí ti gbé ẹlòmíràn dé ọ́sìbítù.

Ẹ jẹ́ ká fi lactate ṣáájú. Nígbàkígbà tí iṣan bá fà, ATP, èyí tó dà bí owó agbára nínú sẹ́ẹ̀lì, ló ń ná, ì báà jẹ́ abẹ́rẹ́ la fẹ́ mú nílẹ̀. ATP tó wà nípamọ́ nínú iṣan kò tó iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, nítorí náà bí iṣan ti ń ná an ló gbọ́dọ̀ máa ṣe òmíràn. Ọ̀nà tó yá jù ni phosphocreatine, ohun mìíràn tí iṣan tò pamọ́: ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ creatine kinase, tí wọ́n ń pè ní CK nílé àyẹ̀wò, á gba fọ́sífèètì lára rẹ̀, á fi sọ ohun tó kù lára ATP tí a ti ná di ATP padà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 ni phosphocreatine náà fi ń tán lọ. Iṣan á wá kọjú sí ṣúgà tó tò pamọ́. Á máa fọ́ ọ kíákíá, kò ní dúró de ọ́síjìn, títí ṣúgà á fi di pyruvate. Bí pyruvate bá wá ń yọ ju èyí tí iṣan lè fi ọ́síjìn jó lọ, ẹ́ńsáìmù mìíràn, lactate dehydrogenase tàbí LDH, á sọ ọ́ di lactate. Láti inú iṣan ni lactate ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹni tó bá mọ èyí, kò ní yà á lẹ́nu pé kì í ṣe irin tó wúwo jù ló ń mú lactate pọ̀ jù. Ní ìdíje Paralympics ti Paris ní 2024, Folashade Oluwafemiayo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé kìlógíráàmù 167 sókè, ó gba wúrà fún Nàìjíríà. Irú gbígbé bẹ́ẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. ATP tó wà nílẹ̀ àti phosphocreatine ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, lactate tó ń ti inú rẹ̀ jáde kò tó nǹkan. Wá mú ẹlòmíràn tí kò lè gbé ju kìlógíráàmù 60 lọ lórí bẹ́ǹṣì. Fi irin kìlógíráàmù 42 lé e lọ́wọ́, ìyẹn ìdá 70 nínú 100 agbára rẹ̀. Jẹ́ kó gbé e nígbà 10, kó sinmi fún ìṣẹ́jú 1 péré, kó tún gbé e, títí sẹ́ẹ̀tì 4 á fi pé. Ẹ̀jẹ̀ ẹni kejì yìí ni lactate á kún.

Wíwọ̀n rẹ̀ kò le. Wọ́n á gún etí tàbí orí ìka, ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín á kán sórí pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ kékeré kan, irú èyí tí àwọn tó ní àtọ̀gbẹ fi ń yẹ ṣúgà wọn wò nílé, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan nọ́ńbà á yọ. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, nǹkan bí 1 mmol/L ló máa ń ní. Ẹni tó gbé irin lé èjìká tó ń lóṣòó tó ń dìde, sẹ́ẹ̀tì gígùn lórí sẹ́ẹ̀tì gígùn, kò ṣàjèjì kí tirẹ̀ kọjá 10. Ní 1990, William Kraemer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi oríṣi ìdárayá méjì wéra. Ní ọ̀kan, irin tí ènìyàn kò lè gbé ju ìgbà 5 lọ ni wọ́n lò, wọ́n sì fún wọn ní ìsinmi ìṣẹ́jú 3. Ní èkejì, irin tó fúyẹ́ ju ìyẹn lọ ni, tí wọ́n lè gbé nígbà 10, ìsinmi ìṣẹ́jú 1. Irin tó fúyẹ́ pẹ̀lú ìsinmi kúkúrú ló gbé lactate ga jù.

Ìdí rẹ̀ wà nínú ohun tí a ti sọ. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, phosphocreatine á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sípò pátápátá, nítorí náà ẹni tó sinmi dáadáa tún ní nǹkan tó lè ná kó tó kan ṣúgà. Ẹni tó sinmi ìṣẹ́jú kan kò ní in tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan tún wà níbẹ̀: bí iṣan bá fún pọ̀ gan-an, ó ń tẹ àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó gba inú rẹ̀ kọjá mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè wọlé, ọ́síjìn á sì dín kù níbi tí wọ́n ti nílò rẹ̀ jù. Bí fífún náà bá wá pẹ́ tó ọgbọ̀n tàbí ogójì ìṣẹ́jú àáyá, ṣúgà nìkan ló kù tí iṣan lè gbójú lé. Iṣan tó tóbi sì ń mú lactate jáde ju iṣan kékeré lọ, ìdí nìyí tí ọjọ́ tí a bá fi ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ fi máa ń gba èémí lẹ́nu ẹni ju ọjọ́ apá lọ.

Ohun tó ń jó iṣan ní ìgbà kẹjọ, ìgbà kẹsàn-án, tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n, bá ìgbà tí lactate ń pọ̀ rìn, torí pé iṣan ń kan lákòókò náà. Ṣùgbọ́n lactate fúnra rẹ̀ kì í ṣe májèlé. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fẹ̀sùn kàn án. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Berzelius, ọmọ ilẹ̀ Sweden, rí i nínú ẹran àgbọ̀nrín tí ọdẹ lé títí kó tó pa á. Ní 1907, Fletcher àti Hopkins ní Cambridge fi iṣan ọ̀pọ̀lọ́ hàn pé ó ń pọ̀ bí iṣan bá ṣiṣẹ́, ó sì ń lọ bí ọ́síjìn bá wọlé. Látìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kà á sí pàǹtírí. Carl àti Gerty Cori, tọkọtaya tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1947, fi hàn pé ẹ̀dọ̀ ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀, ó ń sọ ọ́ di ṣúgà, ó sì ń dá a padà fún iṣan. Láti nǹkan bí 1980 lọ sókè ni George Brooks ní Berkeley sì ti ń tẹnu mọ́ ọn pé ọkàn àti àwọn iṣan mìíràn ń fi lactate ṣe oúnjẹ. Nítorí náà, láàárín nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn iṣẹ́, ara ti lò ó tán. Bí a bá rọra rìn kiri dípò ká jókòó gbagidi, ó tún ń yára lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí wá ni ìrora ọjọ́ kejì?

CK àti LDH tí mo dárúkọ lókè, inú iṣan ni iṣẹ́ wọn wà. Kò sí ohun tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá bá wọn níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, ohun tó túmọ̀ sí ni pé awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì iṣan ti ya. Bí gàrí bá ń dà sílẹ̀ láti inú àpò, a kì í sọ pé gàrí ti pọ̀ jù. A máa ń wá ibi tí àpò ti ya. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni CK rí nínú ẹ̀jẹ̀, ibi tó ya ló ń fi hàn, kì í ṣe bí iṣan ti ṣiṣẹ́ tó. Ohun tó sì ń ya awọ náà jù lọ kì í ṣe gbígbé irin sókè, ìsọ̀kalẹ̀ irin ni, ìyẹn ìgbà tí iṣan ń fà tí ẹrù sì ń nà án gùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè mọ ohun tí mò ń sọ. Àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ ló wà níbẹ̀. Nígbà tí a bá ń gùn ún, èémí á máa kù, itan á máa jó, a ó máa wá ibi tí a ó ti fìdí lé lọ́nà. Nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó rọrùn, a tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀, a ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọ̀dọ́ á máa sáré sọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo itan ẹni tó ń sọ̀ náà dáadáa. Bí ẹsẹ̀ kan ti ń wá àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, orúnkún ẹsẹ̀ kejì ń ká díẹ̀díẹ̀, iṣan iwájú itan sì ń fà kíkankíkan kí ara má bàa já lulẹ̀. Ó ń fà, ó sì ń gùn. Okùn iṣan díẹ̀ ló ń gbé ẹrù tó yẹ kí ọ̀pọ̀ gbé, àwọn tó rẹ̀ nínú wọn á nà kọjá ààlà, awọ wọn á ya. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, ẹni tó gun òkè náà ò ní lè jókòó sórí àga láìfọwọ́ di nǹkan mú. Gígùn ló kó lactate wá. Sísọ̀ ló ba itan jẹ́.

James Schwane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà dán irú èyí wò ní 1983. Ìṣẹ́jú 45 ni àwọn tí wọ́n dán an wò lára fi sáré lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n sì fi sáré sọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Eré orí ilẹ̀ títẹ́jú gbé lactate sókè, ṣùgbọ́n kò sí ìrora kankan lọ́jọ́ kejì. Eré ìsọ̀kalẹ̀ kò gbé lactate sókè, ara sì ro wọ́n gan-an. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ a ò tíì jáwọ́ nínú "lactic acid ni".

Nípa CK, ìwúwo irin ní ipa tirẹ̀. Bí irin tí a ń sọ̀ kalẹ̀ bá ṣe wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ni ìyà tó ń jẹ awọ iṣan ṣe máa ń pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ìwúwo nìkan kọ́: iye ìgbà, bí iṣan ti nà tó nígbà tó ń gbé ẹrù, àti jù gbogbo rẹ̀ lọ, bóyá iṣan mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ní ilé àyẹ̀wò púpọ̀, CK tó bá wà ní nǹkan bí 200 U/L sísàlẹ̀ ni wọ́n kà sí déédéé. Lẹ́yìn iṣẹ́ irin tó le, ó lè kọjá ẹgbẹ̀rún láìsí àrùn kankan. Kì í dé góńgó lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kẹta ló máa ń jẹ́, bó bá sì jẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ irin nìkan la fi apá ṣe, ó lè di ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Priscilla Clarkson, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí rẹ̀ ní University of Massachusetts, rí i pé ènìyàn méjì lè ṣe iṣẹ́ kan náà, kí CK ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbi tó wà, kí ti èkejì fò kọjá 10,000.

Àgbẹ̀ tó bá ti pẹ́ tó kọ ebè kẹ́yìn mọ apá kejì ọ̀rọ̀ yìí láìwọ ilé àyẹ̀wò. Lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á ro ó, apá á le gbagidi. Bó bá padà sí oko lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tó kọ iye kan náà, ìrora ò ní tó ìdajì. Iṣan tí ìsọ̀kalẹ̀ ti bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan máa ń tún ara rẹ̀ ṣe lọ́nà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò fi ní ṣe é báyẹn mọ́. Bí a bá wọn CK lẹ́yìn ìgbà kejì, kékeré ló máa ń gòkè. Ààbò yìí ń wà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà mìíràn fún oṣù mélòó kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ṣe iṣẹ́ náà. Ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá bí a bá pa ìdárayá tì. Ibi tí ewu wà gan-an nìyí, nínú ìpadàbọ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2011, àwọn agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti University of Iowa padà dé láti ìsinmi ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lára iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn ni kí wọ́n gbé irin lé èjìká, kí wọ́n lóṣòó, kí wọ́n dìde, nígbà 100, wọ́n sì ń ka àkókò sí wọn. Irin náà kò ju ìdá 50 nínú 100 agbára oníkálukú lọ. Ní jíìmù wa níbí, irin ìgbónára ni wọ́n ń pe ìyẹn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, 13 nínú wọn wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọ́sìbítù, ìtọ̀ wọn ti dúdú. Rhabdomyolysis ni orúkọ àìsàn náà: iṣan fọ́ púpọ̀ débi pé myoglobin, ohun tó ń gbé ọ́síjìn nínú iṣan, dà sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lọ dí kíndìnrín lọ́wọ́. Ara wọn yá nígbẹ̀yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó lágbára ni gbogbo wọn, irin tí wọ́n gbé kò wúwo, síbẹ̀ ìgbà 100 ìsọ̀kalẹ̀ lórí iṣan tó ti sinmi ló ṣe wọ́n báyìí. Ó ń dùn mí nígbà tí mo bá rí fídíò níbi tí wọ́n ti ń fi "ìgbà 100" dán ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé jíìmù wò.

Ọ̀rọ̀ náà tún kàn wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ènìyàn mẹ́rin ní Nàìjíríà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó jogún àbùdá sickle cell láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn sójà aláwọ̀ dúdú tó lé ní 47,000 nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2016, fi hàn pé àwọn tó jẹ́ AS kò kú ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ewu rhabdomyolysis fi ìdá 54 nínú 100 ga jù lára wọn. Èyí kò ní kí AS má gbé irin. Ó ní kí ó mu omi, kó má fi oòrùn ọ̀sán bẹ̀rẹ̀, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtìjú tì í kọjá ibi tí ara rẹ̀ ti ní kó dúró. Ẹnikẹ́ni tí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú bíi kóòkì lẹ́yìn ìdárayá, tí apá tàbí itan rẹ̀ wú tó sì le, kó má ṣe lo oògùn ìrora bí ibuprofen, tó tún lè ni kíndìnrín lára. Ọ́sìbítù ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìdààmú kejì ń bá àwọn tí ara wọn yá. Ní 2008, àwọn olùwádìí ní Sweden ní kí ọkùnrin 15 tí ara wọn le, tí irin kò mọ́ lára, gbé irin fún wákàtí kan. Fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, CK, LDH àti myoglobin wọn ga, AST àti ALT náà sì ga. AST àti ALT ni dókítà fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀dọ̀ ń ṣàìsàn, inú iṣan ni wọ́n sì tún wà. Ní ilẹ̀ tí àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B ti wọ́pọ̀ bíi tiwa, ẹni tó fi ìrọ̀lẹ́ gbé irin, tó lọ ṣàyẹ̀wò láàárọ̀, lè fi oṣù kan sunkún lórí ẹ̀dọ̀ tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Bilirubin àti GGT, àwọn àmì ẹ̀dọ̀ mìíràn, kò yí padà lára àwọn ọkùnrin 15 náà, ìyẹn ni dókítà tó bá fura á lọ wò.

Fún àwọn ọmọ wa tó wà ní London tàbí Houston, ó tún ku ohun kan tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀. CK àwa aláwọ̀ dúdú ga ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ láti ilẹ̀, kódà bí a kò bá gbé irin kankan. Ìlànà tí àwọn dókítà onímọ̀ ọpọlọ àti iṣan ara ní Yúróòpù gbé jáde ní 2010 fi nǹkan bí 1,200 U/L ṣe ààlà fún ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kó tó di pé wọ́n ń wá àìsàn iṣan kiri, nígbà tó jẹ́ nǹkan bí 500 fún ọkùnrin mìíràn. Ilé àyẹ̀wò tí kò ka èyí sí lè fi yíǹkì pupa fa ìlà sábẹ́ nọ́ńbà tó jẹ́ ti ara ẹni lásán. Sọ fún dókítà irú iṣẹ́ tí o ṣe lọ́sẹ̀ náà, bó bá sì ṣeé ṣe, fi ọ̀sẹ̀ kan sí àárín irin àti àyẹ̀wò.

Ẹni tó bá fẹ́ padà sẹ́nu irin lẹ́yìn oṣù mélòó kan, sẹ́ẹ̀tì kan tàbí méjì tó fúyẹ́ tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó sì dúró nígbà tó ṣì lágbára láti gbé e sí i. Kazunori Nosaka àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Edith Cowan University ní Australia fi hàn ní 2008 bí ohun kékeré ti lè ṣiṣẹ́ tó. Wọ́n ní kí àwọn kan kọ́kọ́ fi apá sọ irin tí kò ju ìdá 10 nínú 100 agbára wọn lọ kalẹ̀, irin tí kò ro wọ́n lára, tí kò sì bà wọ́n nínú iṣan jẹ́. Ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n wá gbé èyí tó wúwo ní ìlọ́po mẹ́rin, ìpalára tó ṣe wọ́n kéré sí ti àwọn tí kò ṣe ti àkọ́kọ́.